Asà Tí Mo Gbé Fún Ará Megara

Oṣù Panamo, ọjọ́ kejì

Mukoni ní kí n kọ́kọ́ dárúkọ ara mi. Mo ní ta ni kò mọ̀ mí ní Plataia? Ó ní ìwé kò mọ̀ mí. Ó dáa. Èmi ni Kafisia, ọmọ àgbẹ̀, àgbẹ̀ ni èmi náà. Oko wa wà ní ẹsẹ̀ òkè Kitaironi. Ọdún Seusi Atúnisílẹ̀, olórí àwọn òrìṣà wa, tí wọ́n ń ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, mo ti rí i ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. N kò mọ̀wé. Mukoni arọ, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, ló ń bá mi kọ ọ́. Ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ni mo fi ń tù ú lójú.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyí: Empedo ọmọ mi ní òun yóò tún sá eré alásà, èyí tí a ń gbé asà, tí a ń dé àkoro sá.

Ó ti gba adé eré yẹn ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Akéde dúró níwájú pẹpẹ, ó pè é ní Ẹni Tó Dára Jù Nínú Gbogbo Giriki, ìyá rẹ̀ sì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Òfin wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ẹni tó bá ti gba adé yìí lẹ́ẹ̀kan, tó bá tún padà wá sá a, tí ẹlòmíràn sì borí rẹ̀, wọ́n á pa á. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí ẹnì kan tó padà wá.

"Ta ló bú ọ?" mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó bú mi, Bàbá."

"Ṣé ìyàwó rẹ ò fún ọ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi."

"Ṣé ayé ti sú ọ?"

"Ayé ò sú mi. Mo fẹ́ sáré ni."

Ó wá sọ ohun tó bá wá. Òun ń wá onídùúró. Ẹni tó bá dúró fún irú asáré bẹ́ẹ̀, ọrùn ara rẹ̀ ló fi dúró: bí asáré bá fẹsẹ̀ fẹ, onídùúró ni wọ́n á mú. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta

Mo ní rárá. Ìyá rẹ̀ ní rárá. Empedo jẹ búrẹ́dì báálì méjì, ó sì sáré gun òkè lọ.

Ọjọ́ karùn-ún

Dionu, aládùúgbò wa, ẹni tó ti ń bá mi jà lórí ààlà oko láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni wá kí mi kú iṣẹ́.

"Kafisia, mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Má ṣèyọnu. Èmi á dúró fún Empedo. Ó yẹ kí ọmọ rí bàbá kan lẹ́yìn ara rẹ̀."

"Bàbá kan? Ta ló kú nínú ilé yìí?"

"Mi ò ní o kú. Mo ní o jókòó."

Mo mú ọ̀pá mi, mo lọ bá àwọn adájọ́ eré, mo sì tẹ àtàǹpàkò mi sórí ìda níwájú gbogbo wọn pé èmi ni mo dúró fún ọmọ mi. Mo padà délé bá Ptoila ìyàwó mi. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n gbé e fún ajá. Mukoni ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹjọ

Ooru yìí kì í ṣe kékeré. Odò Asopo ti fà débi pé ewúrẹ́ ń rìn kọjá nínú rẹ̀ tí omi ò dé orúnkún wọn. Àwọn àlejò ti ń wọlé, báálì sì ti wọ́n ní ìlọ́po méjì.

Mukoni ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní, "Ayé ti di ti àwọn ará Romu. Ìlú ò lè ṣàdédé pa èèyàn mọ́ láìgba ìwé lọ́dọ̀ gómìnà ní Kọrinti. Àwọn tí ò jẹ́ ká parí ìjà ààlà fúnra wa, ṣé àwọn ló máa ní ká pa asáré?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sun oorun ọ̀sán, mo sì hanrun.

Ọjọ́ kọkànlá

Ìwé ti ti Kọrinti dé. Wọ́n kà á ní gbàgede ọjà. Gómìnà ní òun kò ní fọwọ́ kan òfin àtayébáyé ibikíbi, ẹ ṣe é bí àwọn bàbá yín ti ń ṣe é, òun á rán èèyàn wá wòran. Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́. Ti Dionu ló dún jù.

Olórí ìlú wa kì í fọwọ́ kan irin jálẹ̀ ọdún. Ọjọ́ ọdún nìkan ló ń gbé idà. Wọ́n ní ó ti ní kí wọ́n pọ́n ọn.

Mukoni kò lè wò mí lójú lónìí.

Ọjọ́ kejìlá

Mo pe Empedo sábẹ́ igi ólífì, mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, kó má fi mí ṣe ọmọdé.

Ó ní, "Bàbá, Herea ará Megara ló wà níwájú lọ́jọ́ yẹn. Ó fi tó ogún ìṣísẹ̀ jù mí lọ. Awọ asà rẹ̀ ló já létí kòtò tí asáré ń fò, tí asà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó padà lọ gbé e, tó sì ṣubú. Gbogbo ayé rí i. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Ẹni Tó Dára Jù, ó ń dà bí ìgbà tí mo wọ bàtà òkú."

"Seusi ló já awọ náà."

"Bó bá jẹ́ Seusi ni, kó tún un ṣe lójú mi. Herea ń bọ̀ lọ́dún yìí. Mo fẹ́ mọ̀, Bàbá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bí o bá mọ̀ tán, tí wọ́n sì pa ọ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mo mọ̀."

Orí kunkun rẹ̀ yìí, èmi ni mo bí i mọ́ ọn. N kò rí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi.

Ọjọ́ kẹrìnlá

Herea ti dé. Ó ga, ojúgun rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti àgbọ̀nrín, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ilé Empedo ló kọ́kọ́ béèrè. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn bí ọmọ ìyá, wọ́n sì jókòó ti wàràkàṣì kan ṣoṣo.

"Wọ́n ní o fẹ́ kú," Herea ní.

"Wọ́n ní ìwọ fẹ́ tún ṣubú," ọmọ mi ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà náà ni Herea yíjú sí mi, ó dìde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin lẹ gbé asà lé mi lọ́wọ́ nígbà yẹn."

"Èmi ni."

"Mo rántí. Ọwọ́ yín tutù."

Ohun kan wà tí n kò ní jẹ́ kí Mukoni kọ lónìí.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

N kò jẹun. Ìkùukùu ṣú lórí òkè, ṣùgbọ́n òjò ò rọ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kọ ọ́, Mukoni.

Ti ìlú ni àwọn asà eré náà. Inú ilé òrìṣà Atena ni wọ́n ń gbé wọn kọ́. Láti ìgbà bàbá bàbá mi, ìdílé wa ló ń fi ọ̀rá àgùntàn pa awọ wọn kó má bàa gan, ọwọ́ wa sì ni asáré kọ̀ọ̀kan ti ń gba tirẹ̀ nídìí òkúta ìṣẹ́gun, níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo rí asà kan tí awọ ìdìmú rẹ̀ ti jẹ tán lójú ìdè. Ó yẹ kí n yọ ọ́ sọ́tọ̀. N kò yọ ọ́. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ òkìtì. Nígbà tó kan Herea, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé òun ló máa gba adé, ọwọ́ mi lọ sí ìsàlẹ̀.

N kò gé awọ náà. Kí ó yé ẹni tó bá ń kà á. N kò fi ọ̀bẹ kàn án. Mo rí i, mo sì gbé e fún un.

Mukoni gbé gègé sílẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ."

"Kafisia, ogójì ọdún ni mo fi na àwọn ọmọ ìlú yìí nítorí irọ́ tí kò tó ìka ọwọ́ mi."

"Ṣé o fẹ́ nà mí ni? Gbé gègé rẹ, kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Kò mú ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn méjèèjì jọ sáré gba ẹ̀gbẹ́ oko wa lówùúrọ̀, láti fi na ara. Mo dúró sẹ́yìn ọgbà. Nígbà tí Herea kọjá níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo mí kí ọmọ mi tó dé.

Ogúnjọ́

Mo sọ fún Ptoila. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà. Ọdún mẹ́rin rèé tí adé yẹn ti wà lára ògiri, o ò gbójú sókè wò ó rí."

"Bí mo bá lọ jẹ́wọ́, wọ́n á nà mí ní gbangba."

"Wọ́n á nà ọ́."

"Orúkọ ilé wa á bàjẹ́."

"Á bàjẹ́. Wọ́n á sì gba adé náà lọ́wọ́ ọmọ mi." Ó wá dáwọ́ dúró báyìí, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Ẹni tí kò bá sì gba adé rí, Bàbá Empedo, òfin wo ló máa pa á? Àbí orí mi ni kò pé?"

Orí rẹ̀ pé. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹnu mi ló wúwo.

Ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ bá àwọn adájọ́ méje. Mo dúró, mo kọ̀ láti jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Mukoni. Èyí tó kéré jù nínú wọn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé kì í ṣe oòrùn ló ń pa yín? Ẹ ò fẹ́ kí ọmọ yín kú. Ó yé wa."

"Ẹ lọ mú asà náà wá. Òwìwí ló wà lójú rẹ̀, ojú òwìwí náà kan sì ti ha. Awọ tuntun ni mo fi rọ́pò èyí tó já. Èyí tó já náà rèé." Mo jù ú sórí tábìlì wọn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú ohun ìdọ̀tí yẹn sábẹ́ òkúta ọlọ. N kò mọ ìdí tí n kò fi sun ún.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n padà wá lọ́la.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìdojúbolẹ̀ ni mo wà tí mo ń sọ èyí. Ogún pàṣán ni, nídìí òpó ọjà, níwájú àlejò. Pàṣán kọ́ ló dùn mí jù. Ìdájọ́ wọn ni.

Mo rò pé wọ́n á gba adé, wọ́n á jù ú nù, ọ̀rọ̀ á parí. Ptoila rò bẹ́ẹ̀. Mukoni tó mọ ìwé rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní adé Seusi kì í ṣófo. Wọ́n ní akéde ti ké níwájú pẹpẹ pé ẹnì kan ló dára jù lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ náà kò lè padà sínú ẹnu. Bí kì í bá ṣe Empedo, a jẹ́ pé Herea ni. Wọ́n pe Herea síwájú, wọ́n gbé adé Empedo lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn títí dé ìgbà tí àgbà wọn sọ gbólóhùn tó kù: òun ló wá di ẹni tó ti gba adé rí. Bó bá sáré, tí wọ́n sì borí rẹ̀, òun ni wọ́n á pa.

Herea wá bá mi nídìí òpó tí wọ́n dè mí mọ́. Kò pariwo.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ẹ ń gbé mi ṣubú."

Empedo kò wá.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Àwọn ará Megara ń bẹ Herea pé kó gbé adé rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ohun tí ọlọgbọ́n á ṣe nìyẹn. Mo dìde, ẹ̀yìn mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo lọ bá a níbi àgọ́ wọn láti bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ.

Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ó dáa, ẹ ò lè jókòó. Ẹ dúró. Ọdún mẹ́rin ni àwọn ọmọdé Megara fi ń ṣubú lọ́nà tí mo bá ń kọjá, wọ́n á máa dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, wọ́n á ní, 'Ta ni mí?' Adé tí wọ́n gbé lé mi lórí nínú iyàrá, ta ló rí i? Ojúlówó ẹsẹ̀ ni mo ní. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi lórí ìdúró."

"Wọ́n lè pa ọ́."

"Ọmọ yín náà mọ̀ pé wọ́n lè pa òun. Ṣé òun nìkan ni ọkùnrin?"

Ohun kan ló dí i lọ́wọ́: kò rí onídùúró. Àwọn ará Megara tó bá a wá ní àwọn ò ní fi ọrùn àwọn ṣeré.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́. Mo ní èmi ni n ó dúró fún un.

"Ìwọ?" àgbà wọn ní. "Ta ló máa gba ọ̀rọ̀ rẹ?"

"Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi. Ọrùn mi ni kí ẹ gbà."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé ìda wá.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Empedo wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Orúkọ mi ṣì wà lára àwọn tó máa sáré," ó ní. "Mo wá sọ fún yín ni."

"Empedo, mo bẹ̀ ọ́, jókòó lọ́dún yìí. Ìwọ nìkan lo lè borí rẹ̀. Bí o bá borí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi."

Ó wò mí. N kò rí irú ojú yẹn rí lára ọmọ mi.

"Ẹ̀yin lẹ yan ẹni tó gba adé nígbà yẹn. Ẹ tún fẹ́ yàn án?"

Ìyá rẹ̀ jáde láti inú ilé, ó fún un ní búrẹ́dì. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n fọ òkúta ibojì àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó kú nítorí òmìnira, àwọn tí a ń ṣe ọdún yìí fún. Wọ́n gbé iṣẹ́ asà lé Dionu lọ́wọ́. Ó ń yẹ awọ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni fẹ́ ra màlúù. N kò bínú sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Lánàá ni wọ́n sá a. Lónìí ni mo tó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni wọ́n mú mi dúró sí, ọmọ ogun kan dì mí lápá mú nítorí pé onídùúró ni mí. Ptoila dúró lọ́wọ́ òsì mi. Ẹni tí gómìnà rán wá jókòó lábẹ́ ìbòòji, ó ń jẹ èso àjàrà. Olórí ìlú wà lókè wa nínú aṣọ pupa, idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dì í mú bí ẹni tí irin ò mọ́ lọ́wọ́.

Eruku la kọ́kọ́ rí. Nínú eruku náà, idẹ ń kọ mànà. Asáré mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀; nígbà tí wọ́n fi máa dé kòtò, méjì ló wà níwájú, àwọn tó kù kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àkoro bo ojú àwọn méjèèjì. Àwọn ènìyàn ń bi ara wọn léèrè, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" Èmi kò béèrè. Ọmọ mi máa ń rẹ èjìká òsì sílẹ̀ bó bá ń sáré, láti ìgbà tó ti ń lé ewúrẹ́ ni. Ẹni tó rẹ èjìká òsì sílẹ̀ náà ló wà níwájú.

Wọ́n jọ fo kòtò náà. Kò sí awọ tó já. Kò sí ẹni tó ṣubú. Ọmọ mi fi nǹkan bí ìbú asà kan jù ú lọ, mi ò sì rí i kó sáré bẹ́ẹ̀ rí, kódà ní ọdún tí wọ́n dé e ládé. Gbogbo Plataia ń pe orúkọ rẹ̀. Mo rí i tí olórí ìlú pa ọwọ́ dà lára idà.

Mo la ẹnu mi.

"Herea! Herea! Sá a! Herea!"

Ọmọ ogun náà wò mí. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Pàṣán ti dé ọpọlọ bàbá yìí." Ptoila di ọwọ́ mi mú, ó dì í mú débi tí èékánná rẹ̀ fi wọlé, kò sì ní kí n dákẹ́. Mo ké orúkọ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́nà ọ̀fun mi, ọmọ tèmi sì ń sáré bọ̀ níwájú mi.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé pẹpẹ ni àwọn ojúgun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni Herea fi ṣáájú. Ó fọwọ́ gbá pẹpẹ, ó dojú bolẹ̀ síbẹ̀, ó ń bì. Ọmọ ogun tú mi sílẹ̀. Olórí ìlú gbé idà náà padà fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Mo wá Empedo kiri títí. Ìdí orísun omi tó wà lẹ́yìn ilé Atena ni mo ti bá a, òun nìkan, ó ti bọ́ ìhámọ́ra, eruku àti òógùn ti di amọ̀ lára rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa béèrè. Mo béèrè.

"Ṣé o fi sílẹ̀ fún un ni?"

Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi.

"Rárá, Bàbá. Gbogbo eré tó wà lẹ́sẹ̀ mi ni mo sá. Ó yára jù mí lọ." Ó bu omi sójú. "Ó yára jù mí lọ. Mo ti mọ̀ báyìí."

Mo gbé àkoro rẹ̀ kúrò nínú eruku.

"Mo gbọ́ ohùn yín," ó ní.

"Mo mọ̀ pé o gbọ́."

"Ẹ pariwo ju gbogbo ará Megara lọ."

N kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí. N kò bi í, mi ò sì ní bi í. Ó gbé ìgò òróró tó fi ń para kó tó sáré, ó gbọ̀n ọ́n wò, ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù mi, kí n yíjú sí ògiri. Ó da òróró náà sí ẹ̀yìn mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa á gba ojú pàṣán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ le. N kò ké.